Bí A Ṣe Lè Fi Àlòkù Ohun Ìkọ́lé Kọ́ Ilé Iṣẹ́ Ọnà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá fẹ́ fi àlòkù igi àti férémù kọ́ yàrá tí yóò ti máa hun aṣọ tàbí kun àwòrán, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù, kò ní láti kọ́kọ́ ya pílánì, nítorí ohun tó bá rí kó jọ ni yóò sọ bí ilé náà yóò ṣe tóbi tó. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó wọ̀n wọ́n, kí bíríkìlà tó mọ ògiri bá wọn mu.

Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó ni àlòkù tó dára ti ń jáde. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà, kí a má ṣe sanwó fún ọmọ ẹbí kan ṣoṣo tí a bá pàdé níbẹ̀. Olórí ẹbí ni kí a bá dúnàádúrà lójú ẹlẹ́rìí, kí a sì gba rìsíìtì.

Igi ló gba sùúrù jù. Ikán kì í tètè rí ìrókò àti apá jẹ, ṣùgbọ́n àfàrà kò lágbára bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ níbi tí omi tàbí ilẹ̀ yóò ti kàn án. Kí a fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún pákó lórí àti nídìí. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìjà, kí a fi igi náà sílẹ̀. Kí a yọ gbogbo ìṣó, kí a to àwọn pákó tó kù sí ibi òjìji, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Ìrókò tó ti dúdú lójú ṣì lè dára nínú. Bí káfíńtà bá fá a, àwọ̀ rẹ̀ gan-an yóò jáde, ṣùgbọ́n kí ó bo imú, nítorí eruku rẹ̀ máa ń yún ọ̀fun àti ojú. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́: kí a fi omi rin ín kí a tó ha á, kí a má sì fi iná sun ún. Síìlì asbestos ní tirẹ̀, kí a má tilẹ̀ gé e rárá, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Àpólà búlọ́ọ̀kù dára lábẹ́ ilẹ̀ yàrá. Òpó igi kò gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta ni kí ó dúró.

Ní ti òrùlé, páànù tuntun ni èmi yóò rà, bí owó tilẹ̀ há, nítorí ihò ìṣó àtijọ́ kan ṣoṣo tó láti jẹ́ kí òjò ba òwú tí a fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ pa láró jẹ́. Orí òkè páànù ni ìṣó ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Páànù àlòkù ṣeé fi ṣọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Oṣù Kọkànlá, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ló yẹ kí iṣẹ́ òrùlé bẹ̀rẹ̀.

Kí fèrèsé tó tóbi jù kọjú sí àríwá, níbi tí oòrùn kì í ti í wọlé tààrà ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, kí aró má baà ṣá. Òfì tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú fi ń hun aṣọ olónà máa ń dúró ti ògiri, nítorí náà, kí a fi ògiri kan sílẹ̀ gbalasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, kí a má kan ṣẹ́ẹ́fù kankan mọ́ ọn.