Bí mo ṣe tún ilé tò fún Bàbá tí apá òsì pòórá lójú wọn

Nígbà tí Bàbá wa padà sí Iléṣà lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan (ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá) nínú ọkàn wọn, èémí wọn já gaara, ẹsẹ̀ wọn sì le. Ojú ló kù. Wọ́n á jẹ iyán tán, ẹran á ṣì wà lápá òsì abọ́, wọ́n á máa bèèrè ẹni tó jẹ ẹran àwọn. Èjìká òsì wọn ò yéé gbá ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ẹbí ní kí n lọ ra awò.

Dókítà ojú ò tilẹ̀ mẹ́nu ba awò. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ọmọlójú méjèèjì súnkì bó ṣe yẹ. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú kan, kí wọ́n tẹjú mọ́ imú òun, ó wá ń mi ìka bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Lọ́tùn-ún, wọ́n tètè rí i. Lósì, ó di ìgbà tí ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Wọ́n bo ojú kejì, bákan náà ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi: bó bá ṣe pé ojú kan ló bàjẹ́, èkejì ì bá máa rí òsì. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan lẹ́yìn ọpọlọ lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló sì ń bá ojú méjèèjì túmọ̀ ohun tó wà lósì. Nígbà iṣẹ́ abẹ ọkàn, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí ẹ̀rún láti ara fáàfù tó ti gbó lè bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ dí òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré kan nínú ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ ni, àmọ́ kò mú ọwọ́, kò mú ẹsẹ̀. Ti àwọn mìíràn tí ojú wọn dàrú lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí yàtọ̀: iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ni kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Dókítà ní èyí tó bá máa padà sábà ń padà láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Fún ìyókù, kí Bàbá kọ́ bí a ṣe ń yí orí.

Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kun férémù òsì gbogbo ilẹ̀kùn ní ọ̀dà pupa, mo kó àpótí ìjókòó kúrò lójú ọ̀nà. Mo gbé àga wọn sún mọ́ ògiri òsì nínú pálọ̀, kí tẹlifíṣọ̀n àti àlejò lè bọ́ sọ́tùn-ún wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, apá òsì là ń jókòó sí báyìí. Ọkọ̀ wíwà ti tán. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Bíbélì ló gba sùúrù jù. Bí ojú wọn bá ka ìlà kan tán, kì í padà dé ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Àárín ni wọ́n ti ń mú un, ẹsẹ náà á wá di àdàlù. Mo fi rìbọ́ọ̀nù pupa sí etí òsì ojú ìwé, mo ní, "Bàbá, ẹ má ka ìlà kankan àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ rí pupa." Wọ́n bínú. "Ṣé ọmọ jéléósinmi ni mo dà ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ mi ò yọ rìbọ́ọ̀nù.

Ayò ló ràn wá lọ́wọ́ jù, ní tèmi o. Ihò mẹ́fà ló wà níwájú ẹni, Bàbá ò sì rí àwọn tó wà lósì, ọ̀rẹ́ wọn wá ń jẹ wọ́n ní àjẹ̀jẹtán. Ìtìjú ayò lágbára ju ẹ̀bẹ̀ mi lọ: fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí òsì kí wọ́n tó ta.

Tí a bá ń lọ Ọjà Àtakúnmọ̀sà, òsì wọn ni mò ń rìn, nítorí ọ̀kadà.

Ìkíni ló kù. Ìyá ẹlẹ́pà àdúgbò ti ń sọ kiri pé Bàbá ń gbéra ga, wọn ò jẹ́ òun lóhùn mọ́. Mo lọ ṣàlàyé fún wọn, mo sì bẹ ará ilé gbogbo: ẹni tó bá ń bọ̀ láti òsì, kó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà ní àwọn ò ní pariwo orúkọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀tún làwọn máa gbà wá.