Ọjọ́ méjì ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ

Bí ẹ bá ń lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú ìlú Benin, ẹ má fi ìlú Kétu mọ́ ọn. Àṣìṣe tí àwọn ìdílé ń ṣe jù nìyẹn: wọ́n á gbéra láàárọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n á fẹ́ rí Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, kí wọ́n sì dé Akaba Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú àtijọ́ ní Kétu, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà Sákété àti Pobẹ̀ ni wọ́n ó gbà, ó lé ní 100 kìlómítà, àwọn ọmọ á sì sùn lọ sùn bọ̀ nínú ọkọ̀. Kétu tó ẹni tí à ń fún ní ọjọ́ tirẹ̀.

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa. Tó bá di oṣù Kẹrin títí dé àárín oṣù Keje, òjò ni, ilẹ̀ pupa inú àdúgbò á di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Ìgbà yòówù kí ẹ wá, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílé, ẹ fi ọ̀já pọn ọmọ tí kò tíì lè rìn jìnnà.

Ohun tó yẹ kó pinnu ọjọ́ tí ẹ máa wá ni ọjà Àjàrá, tó wà lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ọjà ọrọọrún ni, kò sí bó ṣe kan orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú ni wọ́n á tún ná an, lẹ́yìn náà ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn, ó di ogúnjọ́ kó tó tún bọ́ sí Àbámẹ́ta. Ẹni tí kò bá kà á lè dé bá àtíbàbà òfìfo. Ẹ bi ẹnì kan tó ń gbé ìlú ní ọjọ́ tí wọ́n ná an gbẹ̀yìn, kí ẹ fi mẹ́rin-mẹ́rin kún un lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì mú òpin ọ̀sẹ̀ tí ọjà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà lè gba ẹnubodè Sèmè-Kraké tàbí ti Ìgòlò wọlé. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì dání, ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí òbí kan ṣoṣo ló ń mú àwọn ọmọ rìn, kí èkejì kọ ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òǹtẹ̀ tí ẹ bá fò nígbà tí ẹ ń wọlé ló máa dá yín dúró nígbà tí ẹ bá ń jáde. Owó sẹ́fà (CFA) tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ́ sí 500 àti 1,000. Ẹlẹ́jà tàbí ọlọ́kadà kì í sábà ní ṣéńjì 10,000.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jáde ní aago méje àbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Akọ́n, àdúgbò àwọn Yorùbá tó ti wà níbẹ̀ kí Tè-Àgbànlìn, ọba tó dá ìjọba Àjàṣẹ́ sílẹ̀, tó mú àwọn Ègùn dé. Níbẹ̀ ni ojúbọ Abori-mẹ́sàn-án wà. Ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ mẹ́ta rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tó yọ láti inú òkìtì ọ̀gán, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kí ẹ tó débẹ̀. Ọmọ tó ti ń fi ọkàn ka orí mẹ́sàn-án kò ní béèrè ìgbà tí a ó padà sílé. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tó jókòó síta, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, lẹ́yìn náà kí ẹ tó béèrè bóyá ẹ lè ya fọ́tò. Ẹni tó bá yọ fóònù kó tó kí èèyàn ni wọ́n máa ń lé.

Ẹ wá afinimọ̀nà tó gbọ́ Yorùbá, nítorí àkọlé kò pọ̀, Faransé sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ dá iye owó ìdílé lápapọ̀, kì í ṣe ti orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Láti Akọ́n, ẹ rìn lọ sí mọ́sálásí ńlá lẹ́bàá ọjà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú wọn máa pè é, nítorí ilé-ìṣọ́ méjì tó wà níwájú rẹ̀ àti àwọn ọ̀dà aláràbarà. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bràsíl ni wọ́n mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia. Ààfin Honmè ló kàn, ilé Ọba Toffa tó jọba láti 1874 sí 1908. Ẹ rán ẹnì kan lọ wò ó ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe máa ń ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa.

Aago méjìlá, ẹ wá ibòji. Ẹ jẹ àkàsà tàbí amíwò (ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò rò) pẹ̀lú ẹja. Bí ìyá kan bá bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ "ata", àkàrà ló ń wí, ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí ọmọ tí kì í jẹ ata. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, ẹ lọ sí Songhai, oko tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná níbẹ̀, ọmọ ọdún méje á sì lóye rẹ̀ bí wọ́n bá fi hàn án láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní yàrá ìbùsùn àti ilé oúnjẹ pẹ̀lú.

Ìdílé ẹni márùn-ún tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà gbọ́dọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ má ṣe gbé ọmọ nìkan sórí ọ̀kan. Tásí san jù fún àwọn tó pọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ bi onílé yín bóyá Orò máa jáde. Bó bá máa jáde, obìnrin àti ọmọbìnrin kò gbọ́dọ̀ wà níta, àlejò ò sì yọ nínú èyí. Ọ̀sà kò jìnnà, ẹ̀fọn ń bẹ. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Àìkú, Àjàrá. Ìlù ni wọ́n mọ ibẹ̀ mọ́, àti ìkòkò. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìlù fún ọmọ, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ wo inú igi: bó bá tutù lọ́wọ́ tó sì wúwo ju bí ó ṣe rí lọ, igi rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó máa là. Ẹ fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ awọ yípo. Ibi tí ohùn ti rọ̀, wọn ò fà á dọ́gba níbẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Àjàrá, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ó sì bá ọmọ lára mu. Bí kò bá sí ti ọmọ, ẹ dúró létí odò.

Ẹ kúrò ní aago kan ọ̀sán, kí ẹnubodè má bàa kún. Ẹ fi ìlù náà sí àárín ẹsẹ̀ ọmọ, ẹ má fi sí búùtù. Ooru ibẹ̀ ló ń la igi.