Ṣé Ó Dé Awọ? Bí Mo Ṣe Ṣa Irinṣẹ́ Irun fún Ológbò Páṣíà

Oríṣi irun méjì ló wà lára ológbò Páṣíà: ti òde tó gùn tó sì ń dán, àti ti inú tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ti inú yìí ló ń fa ìjàngbọ̀n. Bó bá ti ń re, kì í bọ́ sílẹ̀ tán. Ó ń há sáàárín ti òde, ó ń lọ́ mọ́ ọn, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti di dàdá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ṣa irinṣẹ́ tèmi: ṣé èyí á dé awọ?

Mo kọ́kọ́ fi rúlà wọn irun náà. Ó tó sẹ̀ǹtímítà 7 lẹ́yìn, ó sì lé ní 10 lọ́rùn àti lẹ́yìn itan. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ abọ́ oúnjẹ ológbò kò lè ran irú irun bẹ́ẹ̀; òkè ni yóò máa yọ̀ lé. Ara ológbò á máa dán, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ti parí, àmọ́ ẹ ti ìka bọ abíyá rẹ̀ wò ná.

Ìyarun onírin ni mo kọ́kọ́ mú. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 19, eyín rẹ̀ gùn tó bíi 3. Eyín ìdajì rẹ̀ jìnnà síra, ti ìdajì kejì sún mọ́ra. Mi ò mú ti ike, torí lásìkò ọyẹ́ ó máa ń mú kí irun dìde, kó máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dáa, ẹ ṣe nǹkan méjì níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ fi orí eyín rẹ̀ fa inú apá yín: bó bá fi ìlà pupa sílẹ̀, ẹ dá a padà, awọ ológbò fẹ́lẹ́ ju tiyín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa òwú gba àárín eyín rẹ̀ kọjá. Ibi tí òwú bá ti há, irin ibẹ̀ kò dán, irun ni yóò máa já.

Èkejì ni slicker, búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tí wáyà tín-ín-rín tó tẹ̀ lórí kún ojú rẹ̀. Kékeré ni mo yàn, èyí tí ìdí wáyà rẹ̀ ń rọ̀ wọlé bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn itan àti ìrù ni mo ń lò ó fún, mi ò sì jẹ́ kó kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta lójú kan, nítorí ó máa ń bó awọ. Irinṣẹ́ alábẹ tí wọ́n ní ó ń kó irun tó ti re, mo fi sílẹ̀ lórí igbá. Ó ń gé irun òde mọ́ ti inú, èyí tó gé kù sì tún ń yára lọ́ pọ̀.

Àlùmọ́gàjí kò sí lára ohun tí mo fi ń tú dàdá. Awọ ológbò kò lẹ̀ típẹ́ mọ́ ẹran ara rẹ̀. Bí dàdá bá ṣe ń fún sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fa awọ sókè wọ inú ara rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ pè ní irun lásán, awọ ti wà níbẹ̀. Ẹ gé e pẹ́nrẹ́n, ó di ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àlùmọ́gàjí tí ṣóńṣó rẹ̀ rí ródó nìkan ni mo rà, fún irun tó yí ihò ìdí ká, kí ìgbẹ́ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Fún dàdá tó ti dé awọ, kílípà tí kì í pariwo ni, pẹ̀lú bíléèdì nọ́ńbà 10, tó ń fi irun bíi mìlímítà 1.5 sílẹ̀. Nọ́ńbà 7 tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ lè bọ́ sáàárín eyín yẹn. Ẹ fa awọ tẹ́jú, ẹ tẹ́ bíléèdì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ sì máa fi kan ọrùn ọwọ́ yín lóòrèkóòrè. Bó bá ti gbóná, ẹ pa á. Bí dàdá bá ti bo ikùn tàbí ẹ̀yìn, ẹ má dán an wò nílé. Dókítà ẹran ní oògùn tí yóò fi mú un sùn.

Bí mo ṣe ń lò wọ́n rèé. Mo máa ń ya irun sọ́tọ̀ títí awọ á fi hàn, màá fi ìka méjì di ìdí irun náà mú kí fífà má baà dé awọ, màá bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, màá wá máa sún mọ́ ìdí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ojú kan ló ń kó gbogbo kókó jọ sí. Eyín tó jìnnà síra ló ń ṣáájú. Bó bá kọjá láìdúró, èyí tó sún mọ́ra á tẹ̀ lé e. Ibi tí ìyẹn bá ti dúró, dàdá tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn etí, abíyá, ikùn, inú itan àti abẹ́ okùn ọrùn ni mi ò gbọdọ̀ fò. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójoojúmọ́ tó o. Bí ológbò bá ti ń na ìrù kiri, mo máa ń dáwọ́ dúró, ó di ìrọ̀lẹ́.

Kókó tó bá ṣagídí, màá bu sítáàṣì àgbàdo díẹ̀ wọ́n ọn, màá fi ìka yà á, eyín ìparí ìyarun á ṣe ìyókù. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi òrí pa á. Ológbò ń lá ara rẹ̀ tàárọ̀ tọ̀sán. Ohun tẹ́ ẹ fi pa á lára, ikùn rẹ̀ ló ń lọ, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ìyókù. Ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ nígbà tí dàdá ṣì wà lára rẹ̀, omi ń mú kó fún pinpin.

Mo fi ìyarun kékeré kún un, eyín rẹ̀ há gádígádí, fún kòkòrò ara. Ẹ gbọn ohun tó bá kó jáde sórí tíṣù funfun tó tutù: bí eruku dúdú bá di pupa, ẹ̀jẹ̀ ni, kòkòrò ti wà nìyẹn. Oògùn kòkòrò ti ajá tó ní permethrin ń pa ológbò, ẹ má fi kàn án.

Ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni fún ìyarun, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ kó má dípẹtà. Ìyarun náà ni mo fi ń kó irun kúrò lójú slicker. Òróró kílípà, ẹ̀kán kan tàbí méjì sójú bíléèdì, kó tó padà sínú páálí.