Kánsù fẹ́ gba omi ìlú yín ṣe? Ẹ mú bíárò kẹ́ ẹ tó mú ṣọ́bìrì

Kánsù kọ́kọ́ gbé pọ́ǹpù tuntun wá fún wa. Baálẹ̀ súre, àwọn ìyá ọlọ́jà jó, wọ́n ya fọ́tò, omi tú yàà, gbogbo wa pariwo. Kò tó oṣù mẹ́rin tí pọ́ǹpù tuntun yẹn fi jó. Mo wà níbẹ̀, èmi ni akọ̀wé kọmítì omi nílùú kékeré wa yìí, téèyàn bá gun ọ̀kadà láti Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà rárá, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Kí ló pa á? Omi bóhòlù ló fà sẹ́yìn lọ́gbẹlẹ̀, wọ́n ń tan pọ́ǹpù láti ìdájí dalẹ́, ó ń fa afẹ́fẹ́, ó gbóná, ó jó. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbà wá, kì í ṣe pé adágún kan wà ńbẹ̀ téèyàn á máa fà títí, tó bá ti di oṣù kejì, oṣù kẹta ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ máa tan án díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi kómi lè padà. Bọ̀dá tó ń tan pọ́ǹpù fún wa tẹ́lẹ̀ mọ èyí dáadáa, àmọ́ a ò sanwó fún un fún oṣù méje, ó bínú lọ Ìlọrin, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ọgbọ́n omi ìlú ṣe bá a wọkọ̀ lọ nìyẹn. Látọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé omi ìlú tó bá dẹnu kọlẹ̀, ìwé ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, pọ́ǹpù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tí kánsù bá máa wọlé, kí wọ́n gba ibi ìwé wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni omi náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ páìpù ìjọba ìpínlẹ̀, irú èyí tó ń gbé omi Odò Ọbà wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ilé iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín, kánsù ò lè dédé wá já kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, wọ́n ní láti jọ tọwọ́ bọ̀wé. Tó bá jẹ́ RUWASSA, àjọ tó ń rí sí omi ìgbèríko, ló gbẹ́ ẹ, ẹ lọ bá àwọn náà. Èyí tó máa ń fa wàhálà jù ni èyí tí olóṣèlú gbẹ́ nígbà ìbò, orúkọ ẹ̀ wà gàdàgbà lára táǹkì, kò fún ẹnikẹ́ni níwèé, orí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí kan ló gbẹ́ ẹ sí, mọ̀lẹ́bí náà sì gbà pé àwọn làwọn ni gbogbo ẹ̀, àtilẹ̀ àti táǹkì àtomi tó wà nínú ẹ̀. Ẹ pe olórí ẹbí yẹn lọ́sàn-án gangan, kó fọwọ́ síwèé pé ìlú lè máa lo ibẹ̀, kí baálẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Tiwa gba obì, ọtí àti sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Wọ́n lè sọ fún yín ní kánsù pé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ kánsù, ẹ máa rí gáréèjì, ọjà, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kódà ẹ máa rí láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, ẹ ò ní rí omi ẹ̀rọ ńbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè fi iṣẹ́ míì kún un fún wọn. Torí náà ẹ má bá òṣìṣẹ́ jà, ẹ ní kó mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rí sí omi àti ìmọ́tótó ní kánsù, kẹ́ ẹ sì ti bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín sọ̀rọ̀ ṣáájú. HLA náà ṣe pàtàkì o, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Alága máa ń lọ lẹ́yìn ìbò, HLA ló mọbi tí fáìlì wà.

Ìwé àdéhùn, ẹ má jẹ́ kó gùn, ojú ewé méjì ti tó. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ wá nínú ẹ̀ ni ọjọ́ tí kánsù máa dá omi padà fún ìlú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, oṣù 12 ni o, oṣù 18 ni o, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, bíi pé kówó omi ti lè ra dísù tí ẹ̀rọ ń mu kó sì san owó òṣìṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta léra wọn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ kánsù. Alágbàtọ́ ni kánsù, kì í ṣe ìyá ọmọ. Tí ò bá ti sí ọjọ́ ńbẹ̀ ó ti diṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ẹ sì mọ̀ pé a kì í làágùn ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Gbèsè àtijọ́, ẹ kà á síta níwájú gbogbo èèyàn, àwa jẹ ẹni tó ń ta dísù, a jẹ ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, a jẹ bọ̀dá Ìlọrin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fà á sọ́tọ̀, kánsù àti ìlú á wá jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa pín in san. Ẹ má jẹ́ kó wọnú owó omi tòní, torí tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀, ẹni tó bá pariwo jù ló máa gba owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé, dísù á tán, omi á dá, wọ́n á ní ṣé kánsù náà nìyí.

Lọ́jọ́ tí kánsù bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ra rẹ́jísítà ńlá kan, ẹ so bíárò mọ́ ọn lókùn (torí wọ́n máa jí i). Aago tí wọ́n tan ẹ̀rọ, aago tí wọ́n pa á, dísù tó lọ, ibi tí omi dé nínú táǹkì, ojoojúmọ́, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ìdánwò kan tí ò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí táǹkì gbẹ, ẹ tan pọ́ǹpù, ẹ wo aago. Tí táǹkì 10,000 lítà bá kún láàárín wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, pọ́ǹpù yín ń fún yín ní 6,000 lítà ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá lè tan án fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ìyẹn 60,000 lítà. Ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2000 ní kí èèyàn kan nílùú kékeré, ìyẹn ìlú tó ní 5,000 sí 20,000 èèyàn, máa rí 60 lítà lójúmọ́, ní abúlé 30 lítà. Ẹ bá mi pín in: 60,000 lítà yẹn, ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ló tó bẹ́ẹ̀ fún. Ìlú tó ní èèyàn 5,000 nílò 300,000. Ẹ sọ nọ́ńbà yìí síta lọ́jọ́ ìpàdé, kí wọ́n bú yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sàn ju kẹ́ ẹ ṣèlérí omi tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́ kí wọ́n wá máa bú yín lójoojúmọ́. Ẹ pín in ní àdúgbò-àdúgbò, ẹ lẹ ìgbà tó máa tú mọ́ ara ògiri.

Omi tó ń ṣòfò wá ńkọ́? Ẹ kún táǹkì lálẹ́, ẹ ní kí gbogbo èèyàn pa ẹnu ẹ̀rọ wọn ní aago mẹ́wàá, àmọ́ ẹ má ti fáfù àkọ́kọ́ nídìí táǹkì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yí láti ti omi páìpù. Ẹ padà débẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ní tiwa, omi ti lọ sílẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin, 2,500 lítà, ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lóru ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni ò sì bu ife kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì a ń ti fáfù àdúgbò kọ̀ọ̀kan títí a fi rí èyí tó ń mu ún. Lọ́yẹ́ ó rọrùn jù, ẹ máa wo ibi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù ti gbẹ. Ẹ tún lè fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ dé ara páìpù lóru kẹ́ ẹ gbé etí lé e, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dún ṣìì. Àwa tọpa páìpù kan báyìí, a wú u títí, ilé ìwẹ̀ ọ̀kan nínú àwa kọmítì ló já sí! Kò ní mítà, kò san kọ́bọ̀ rí, ó sì ti bá wa jókòó ní gbogbo ìpàdé tá a ti ń bú àwọn tí ò sanwó. A ò lé e nínú kọmítì o, a ní kó san ti ọdún kan sẹ́yìn kó sì ra mítà tirẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn làwọn ilé míì fẹsẹ̀ ara wọn wá fẹjọ́ ara wọn sùn.

Iye owó kẹ́ẹ̀gì, ẹ má fojú bù ú. Ká ní dísù, owó òṣìṣẹ́ àti owó tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú de ìgbà tí pọ́ǹpù bá jó jẹ́ 8,000 náírà fún táǹkì kan. Kẹ́ẹ̀gì 400 ló wà nínú táǹkì, ogún náírà ni kẹ́ẹ̀gì kan. Tí ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì bá ti ṣàn lọ, 300 ló kù, ó ti fẹ́ẹ̀ di náírà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹni tó ń sanwó ló ń san owó omi tó lọ sí gọ́tà. Ẹ ṣí akáǹtì omi lọ́tọ̀, kí ìlú ní ẹnì kan tó ń sáìnì, kí kánsù ní ẹnì kan, kó má wọ àpò kánsù rárá. Látìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 11, 2024 pé kówó kánsù máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, àwọn kan rò pé owó dísù ti dé. Ìdájọ́ kì í kún táǹkì o jàre. Tí kánsù bá kọ̀ láti fi àkọsílẹ̀ owó hàn yín, òfin FOI ti 2011, èyí tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá lẹ́tà yín lóhùn, ẹ kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ gba sítáǹpù lórí ẹ̀dà tọwọ́ yín.

Àwọn mẹ́ruwà, ẹ má lé wọn. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa ra omi lọ́sàn-án nígbà tí èrò ò sí.

Kẹ́ ẹ tó ṣí omi fún mímu, ẹ gbé e lọ sí labù. E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọnú omi, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 nínú 100 mílílítà, kò sí ẹ̀bẹ̀ ńbẹ̀. Chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́nu ẹ̀rọ, 0.2 sí 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n sábà ń fẹ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín pò ó, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ bù.

Oṣù kẹta tí kánsù gba tiwa ni èmi àti enjiníà wọn pe bọ̀dá wa ní Ìlọrin. Ó kọ́kọ́ ní òun ò mọ̀ wá rí. Ìgbà tá a pè é lẹ́ẹ̀kẹta ló gbà, ó wá ní Sátidé, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́: ìró tí pọ́ǹpù máa ń dún tómi bá ti ń lọ sílẹ̀, iye wákàtí tó fi ń sinmi lọ́gbẹlẹ̀, fáfù tí wọn ò gbọdọ̀ fipá yí. Ojú ewé mẹ́rin gbáko. Ó ní ó ku ìkarùn-ún, àmọ́ ká kọ́kọ́ san owó oṣù méje òun ná.