Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe gémù tuntun fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, kẹ́ ẹ sì tà á láti Ìkòròdú níbí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ kóòdù ní Agric, ní Ògólóńtò, ní Sábó, àtẹ̀yin ọmọ LASUSTECH, ẹ wá gbọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń ra gémù fún kọ̀ǹpútà tó jáde lọ́dún 1982, mi ò sọ gémù àlòkù o, gémù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ni mò ń wí. ZX Spectrum àti Commodore 64 ló lókìkí jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn. Àwọn ọmọ tó fi wọ́n ṣeré nígbà náà, pàápàá ní England, Spain àti Jámánì, ti dàgbà báyìí, owó ti wà lápò wọn, wọ́n sì ṣì fẹ́ ṣeré. Kódà lọ́dún 2024, wọ́n ṣe The Spectrum tuntun síta tó ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n òde òní, ẹni tí ò ní ti àtijọ́ náà ti lè ra ìyẹn, nítorí náà oníbàárà ò tán.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí fún wa níbí ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá gémù Spectrum ṣe parí. Ti òde òní, àìmọye èèyàn ló sábà máa ń pé lé e lórí. Kò sì bèèrè láptọ́ọ̀pù olówó ńlá, emulator ló máa sọ láptọ́ọ̀pù yín di kọ̀ǹpútà àtijọ́, Fuse ni ti Spectrum, VICE ni ti Commodore 64, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó sì lè gbé wọn. Bátìrì náà á pẹ́ díẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí ládùúgbò wa, Egbin tó ń ṣe iná fún gbogbo ìlú wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, àwa la tún ń wá jẹnẹrétọ̀ kiri.

Ẹ mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ orin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lọ sí Commodore 64, torí ẹ̀rọ ohùn tó wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SID, ohùn mẹ́ta péré ló ní àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń fi ṣe orin títí dòní. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Spectrum ni mo máa ní kó mú. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀: Boriel BASIC wà fún ẹni tí ò fẹ́ wàhálà, z88dk wà fún ẹni tó mọ èdè kóòdù tí wọ́n ń pè ní C, Arcade Game Designer sì wà fún ẹni tí ò fẹ́ kọ kóòdù púpọ̀ rárá.

Ààyè tẹ́ ẹ ní nínú mẹ́mórì Spectrum 48K ò ju 48K lọ (ìyẹn 49,152 bytes), sikírínì nìkan á sì ti jẹ 6,912 bytes nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan. Àmọ́ àwọ̀ gan-an ló máa fojú yín rí nǹkan. Sikírínì Spectrum jẹ́ 256 sí 192, wọ́n wá gé e sí àpótí kéékèèké 768, àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 sí 8, àwọ̀ méjì péré ló sì lè wà nínú àpótí kan. Ká ní ẹ ya dáńfó yẹ́lò tó ní ìlà dúdú, ẹ wá ní kí kọ̀ndọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa rìn kọjá níwájú ẹ̀. Bí kọ̀ndọ́ bá ṣe ń wọ àpótí dáńfó, àwọ̀ ti di mẹ́ta, ẹ̀rọ ò sì ní gbà, yálà kí ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ndọ́ di yẹ́lò lójijì tàbí kí ara dáńfó di pupa bí ẹni tí wọ́n da ọ̀dà lé lórí. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí ẹni tó ń rìn gba àwọ̀ ibi tó bá wà, tàbí kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀yìn sikírínì sílẹ̀ ní dúdú, tàbí kí wọ́n to ojú ọ̀nà débi pé kọ̀ndọ́ àti dáńfó ò ní pàdé rárá. Inú bébà oní-square tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ yanjú èyí, kó tó kan kóòdù.

Gémù àkọ́kọ́ ńkọ́? Ayò ọlọ́pọ́n ni màá mú. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, bytes 12 péré sì ti gba gbogbo ohun tó wà lórí ọpọ́n. Tó bá kan kọ̀ǹpútà láti ta, ihò tó lè mú ò ju mẹ́fà lọ, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó tún wo mẹ́fà tí ẹ̀yin lè fi fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 36 nìyẹn, Spectrum á sì ṣe é kíákíá. Ẹni tó rọrùn láti nà, ẹ pè é ní Ọ̀pẹ̀, èyí tó le, ẹ pè é ní Ọ̀ta. Kò sì sẹ́ni tó máa pè yín lẹ́jọ́ pé òun ló ni ayò, èyí ò rí bẹ́ẹ̀ fẹ́ni tó lọ mú àwòrán gémù ilé iṣẹ́ ńlá tàbí orin olórin kan, ẹ má gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tún fi eléyìí kún un, torí ó dùn mọ́ mi. Spectrum 48K fún yín láyè láti fọwọ́ ara yín ya lẹ́tà 21. Ẹ ka àwọn lẹ́tà kékeré Yorùbá tí ò sí lórí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀: à á è é ẹ ẹ̀ ẹ́ ì í ò ó ọ ọ̀ ọ́ ù ú ṣ ń ǹ, mọ́kàndínlógún ni, ó tún ku méjì fún ḿ àti m̀. Ó pé geerege! Ìlà mẹ́jọ ni gíga lẹ́tà, ẹ fún àmì ohùn ní méjì lókè, lẹ́tà gan-an ní mẹ́rin, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, kí ọ̀kan tó kẹ́yìn jẹ́ ti àmì ìsàlẹ̀. Ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀ o, òun lẹni tó fẹ́ rà á máa kà, àmọ́ ẹ jẹ́ kó lè yan Yorùbá.

Kẹ́ ẹ tó pariwo pé ó ti ṣetán, ẹ ṣètò ọwọ́. Bọ́tìnnì Q, A, O, P ni àwọn oníbàárà ti mọ́ra láti fi rìn, ẹ fi Kempston joystick, irú joystick kan tí wọ́n ń lò fún Spectrum, síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè yan bọ́tìnnì tó wù wọ́n. Emulator máa ń foríjin kóòdù tí ẹ̀rọ gidi ò ní gbà, nítorí náà ẹ bẹ ẹni tó ní ẹ̀rọ gidi kó bá yín dán an wò, inú wọn máa ń dùn sí irú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Commodore 64 lẹ ṣe é fún, ti Yúróòpù ń ya àwòrán ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ń ya 60, tẹ́ ò bá ṣètò ẹ̀, orin yín á máa sáré bí ẹni tájá ń lé tó bá dé Amẹ́ríkà.

Tó bá kan títà, fáìlì TAP ni ti Spectrum, òun ló dúró fún ohun tó máa ń wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gbé gémù wọnú ẹ̀rọ nígbà yẹn. Ẹ ya àwòrán tó máa hàn nígbà tó bá ń wọlé dáadáa, torí téèyàn bá lo kásẹ́ẹ̀tì gidi, bí ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi wò ó. Ẹ gbé e sórí itch.io, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta gémù, ẹ̀yin lẹ máa dá iye lé e, ẹ tún lè sọ pé kí kálukú san ohun tó bá wù ú, ẹ̀yin náà lẹ sì máa yan iye tí àwọn tó ni ibẹ̀ máa mú níbẹ̀. Dọ́là méjì sí márùn-ún tó fún gémù àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ gbangba bóyá Spectrum 48K lẹ ṣe é fún àbí èyí tó ní mẹ́mórì 128K, ẹ fi àwòrán tó ń mira síbẹ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí wọ́n fi ń sanwó bóyá ó lè dé báńkì yín níbí, kó má lọ jẹ́ pé owó pé síbẹ̀ tẹ́ ò rí i mú.

Kásẹ́ẹ̀tì gidi wá ńkọ́, torí àwọn olówó wọn máa ń fẹ́ nǹkan tí wọ́n lè kó sórí ṣẹ́ẹ̀fù? Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má ṣe é ní Ìkòròdú. Owó tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ á ju owó kásẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀kan ṣoṣo tí ò bá wọlé dáadáa, “R Tape loading error” ni oníbàárà máa rí, ẹ̀yin lẹ sì máa dá owó padà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà níbi tí àwọn oníbàárà wà, irú bíi Bitmap Soft ní UK, àti Protovision ní Jámánì fún Commodore 64. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ fi gémù tó ti parí ránṣẹ́, ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ ṣì ń rò lọ́kàn ránṣẹ́.

Ibi àdéhùn ni kẹ́ ẹ ti lajú. Kásẹ́ẹ̀tì àti dísìkì nìkan ni kẹ́ ẹ fún wọn láṣẹ lé lórí, kẹ́ ẹ dá ọdún sí i, kí fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ tiyín, kó sì wà lákọsílẹ̀ ìgbà tí wọ́n á máa sọ iye tí wọ́n tà. Ẹni tó bá yín ṣe orin tàbí àwòrán náà, bó jẹ́ àbúrò ìyá yín, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ kówó tó dé. Ẹ bèèrè ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ara yín, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìbátan yín kan ní London tó ń bọ̀ wálé ní Kérésì, á bá yín kó o bọ̀ nínú ẹrù.