Fínígà, Èèpo Ẹyin àti Eegun: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Èèpo ẹyin kì í wọ́n nílé tí wọ́n bá ti ń sin adìẹ tàbí tí wọ́n ń jẹ ẹyin. Àwọn kan ń dà á nù. Àwọn mìíràn ti gbọ́ pé tí èèyàn bá rẹ ẹ́ sínú fínígà, tó sì fi omi rẹ̀ wọ́n tòmátì, tòmátì náà á so wọ̀ǹtì-wọnti. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àsọdùn náà sì wà níbẹ̀. A kọ ìwé yìí kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ náwó sórí fínígà, àti ìgbà tó jẹ́ pé odó àti asẹ́ ti tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife

Bí a bá pín èèpo ẹyin sọ́nà 100, nǹkan bí 95 nínú rẹ̀ jẹ́ kálísíọ̀mù kábónéètì, ohun kan náà tó wà nínú òkúta ẹfun àti ìkarahun ìgbín. Èèpo ẹyin adìẹ kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 5 sí 6, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 2. Ní ti fínígà, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ásíìdì tó ń jẹ́ kó kan kì í sábà ju 5 nínú 100 lọ, iye rẹ̀ sì máa ń wà lára ìgò. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó rà á.

Ẹ lè fojú ara yín rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé odidi ẹyin tútù tí kò sán sínú ife tó mọ́ gaara, kí ẹ da fínígà bò ó mọ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ tí róbótó afẹ́fẹ́ tíntìntín yóò fi bo èèpo náà látòkè délẹ̀. Bí èyí ṣe ń já ni òmíràn ń yọ. Ẹyin náà lè máa yí, ó tiẹ̀ lè léfòó, torí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn ń gbé e sókè. Kábọ́nì dáyọ́sáìdì ni afẹ́fẹ́ yìí, irú èyí tí à ń mí síta. Ásíìdì ti tú èèpo náà ká: afẹ́fẹ́ bá tirẹ̀ lọ, kálísíọ̀mù yọ́ sínú omi. Bó bá jẹ́ ẹyin aláwọ̀ pupa ni, ẹ ó rí àwọ̀ náà tí ń ṣí bí ìdọ̀tí rẹ́súrẹ́sú, nítorí pé ojú èèpo ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ da fínígà náà nù, kí ẹ bu tuntun sí i. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, èèpo ti tán, ó ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí pupa ẹyin tí ń yí nínú. Ẹyin náà á ti tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí omi ń gba inú awọ yẹn wọlé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́: ẹyin tútù tó ti wà níta fún ọjọ́ méjì ni.

Ìwọ̀n: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Ásíìdì tó wà nínú fínígà níye, tó bá sì ti tán, ó tán náà nìyẹn. Mìlílítà 100 fínígà tí ásíìdì rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 kò lè yọ́ ju nǹkan bíi gíráàmù 4 èèpo ẹyin lọ. Èyí já sí pé èèpo ẹyin kan ṣoṣo ń fẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 130 sí 150. Ẹni tó bá wá da èèpo ogún sínú ìgò fínígà kan, tó ń retí kí gbogbo rẹ̀ yọ́, lítà méjì àtààbọ̀ ó lé ló yẹ kó ní lọ́wọ́.

Bí róbótó afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, tí èèpo ṣì wà nísàlẹ̀, ásíìdì ti tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ èèpo ló tán, ẹ fọ́n èèpo lílọ̀ díẹ̀ sí i. Tó bá hó, ásíìdì ṣì kù, ẹ má ì tíì gbé omi náà dé ìdí ewéko.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe omi kálísíọ̀mù fún oko, ẹ fọ èèpo, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ yan án lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí awọ inú rẹ̀ yóò fi jó kúrò, kí ẹ wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sínú fínígà, nínú ìgò tó tóbi, torí ó máa ń hó dé ẹnu. Aṣọ ni kí ẹ fi bo ẹnu ìgò. Ẹ má ṣe fi ọmọrí dé e pa láé! Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èèpo ẹyin kan ju lítà kan lọ, ìgò tí kò bá rí ibi mí yóò bẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ sẹ́ ẹ.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà ti Kòríà máa ń po ìwọ̀n kan omi yìí mọ́ ìwọ̀n 1000 omi lásán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà kan omi tó ti gba kálísíọ̀mù débi tí ásíìdì rẹ̀ lè gbé e dé kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 17 kálísíọ̀mù lọ. Tí a bá wá pò ó báyẹn, ó ku nǹkan bíi mìlígíráàmù 17 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Omi kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ lè ní ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sí i. Kò burú kéèyàn lò ó, àmọ́ kó má retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tó bá fẹ́ kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ dán an wò lára ewé díẹ̀. Fínígà tí a kò bomi là rárá ń jó ewé. Àwọn kan tiẹ̀ fi ń pa koríko.

Tòmátì tí ìdí èso rẹ̀ ń dúdú

Àìtó kálísíọ̀mù nínú èso ló ń fà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kálísíọ̀mù wà nínú ilẹ̀, omi tí yóò gbé e gòkè ni kò dé déédéé. Gbòǹgbò ló ń fa kálísíọ̀mù pọ̀ mọ́ omi, èyí tí a sì fín sójú ewé kì í rìn dénú èso. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan fínígà, ẹ máa bomi rin ín déédéé, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa tètè gbẹ.

Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi ò rí ìdí tí a ó fi máa da fínígà sí èèpo ẹyin ká tó lò ó. Ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí ìyẹ̀fun, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá kan, ìyẹn tí ásíìdì bá wà nínú rẹ̀, kíkan ilẹ̀ náà ni yóò ṣe iṣẹ́ fínígà, èèpo náà á sì máa dín kíkan rẹ̀ kù. Èyí tí a kàn fọwọ́ rún lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì yọ́. Ilẹ̀ tí kò kan kò nílò rẹ̀.

Adìẹ tó ń yé náà ò nílò fínígà. Ó ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4 kálísíọ̀mù lójúmọ́, ikùn rẹ̀ sì ní ásíìdì tirẹ̀. Ẹ yan èèpo kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kú, kí ẹ fọ́ ọ débi tí kò ní jọ ẹyin mọ́, kí adìẹ má bàa kọ́ àṣà jíjẹ ẹyin ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fún òròmọdìẹ: kálísíọ̀mù àpọ̀jù ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Eegun ò rí bí èèpo

Ẹni tó bá fi eegun sínú fínígà tó ń retí kó hó, yóò retí títí. Kálísíọ̀mù fọ́síféètì ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú eegun le, kábónéètì inú rẹ̀ kéré. Yíyọ́ ló ń yọ́ jẹ́ẹ́. Ẹ mú eegun ẹsẹ̀ adìẹ tí ẹ ti ha ẹran ara rẹ̀ kúrò, ẹ rì í sínú fínígà, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Láàárín ọjọ́ 3 sí 7, bó bá ṣe nípọn sí, yóò máa tẹ̀ bíi rọ́bà. Kálísíọ̀mù ti lọ, ó ku kọ́lájìn, purotéènì tó so eegun pọ̀. Bí ẹ bá sun eegun mìíràn nínú iná, òdìkejì ni ẹ ó rí: kọ́lájìn á jó tán, kálísíọ̀mù á kù, eegun náà á sì máa fọ́ pẹ́pẹ́ lọ́wọ́.

Fún oko, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ewéko tó wà nínú fọ́síféètì eegun, ló níyì jù. Ẹ sun eegun kó dúdú kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú fínígà, torí ọ̀rá àti ẹran tó bá kù lára rẹ̀ yóò rà, yóò sì máa rùn. Ẹ má sì fi eegun màlúù lílọ̀ bọ́ màlúù, nítorí àrùn wèrè màlúù.

Nínú ilé

Bí eegun ẹja bá há sí èèyàn lọ́fun, fínígà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Eegun tó rì sínú fínígà ń lo ọjọ́ kó tó rọ̀. Fínígà tí a gbé mì kì í dúró lọ́fun tó ìṣẹ́jú kan. Kò ní yọ́ eegun, ṣùgbọ́n á ta ojú ọgbẹ́. Ẹ má sì gbé òkèlè ńlá mì láti fi tì í. Tí kò bá lọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ṣíbí fínígà kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ eegun kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Ásíìdì inú ṣíbí náà kò tó gíráàmù kan. Ẹja kékeré tí à ń jẹ teegun-teegun, tàbí wàrà, sàn jù ú lọ dáadáa.

Ibi tí fínígà ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ara kẹ́túlù. Funfun tó máa ń dì mọ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èèpo ẹyin. Ẹ da fínígà àti omi sí i, ẹ gbé e kaná díẹ̀, kó hó kúrò, kí ẹ wá ṣan án. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nu ilẹ̀ mábù tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, torí ó ń jẹ ìyẹn náà. Ẹ má sì pò ó mọ́ bílíìṣì rárá: afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀.

Eyín náà ní irú ohun tó mú eegun le. Ẹni tó bá mu nǹkan tó ní fínígà, kó fi omi yọ ẹnu, kó sì jẹ́ kó tó wákàtí kan kó tó fọ eyín, torí ojú eyín ṣì rọ̀ ní àkókò yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á sì máa ha á kúrò.