Bí a ṣe ń kọ́mpáìlì irinṣẹ́ SDR lórí kọ̀ǹpútà pátákó kan tí RAM rẹ̀ kéré

Bí ènìyàn bá fa okùn tààrà láti pápákọ̀ òfuurufú Èkó dé ti Abuja lórí àwòrán ilẹ̀, okùn náà yóò gba orí ilẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi kọjá, kò sì ní jìnnà púpọ̀ sí Kàbbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ní ohun púpọ̀ láti gbọ́ lórí 1090 MHz, níbi tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń kéde nọ́ńbà wọn, gíga wọn àti ibi tí wọ́n wà. Rédíò tí yóò gbọ́ ọ kò wọ́n mọ́. Ọ̀pá USB kékeré tí ṣíìpù RTL2832U wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún wíwo tẹlifíṣọ̀n, ni àwọn ènìyàn sọ di rédíò láti ọdún 2012, nígbà tí wọ́n rí i pé ó lè gbé ìgbì tó gbà jáde láìsè, kí kọ̀ǹpútà wá ṣe ìyókù. Ohun tí à ń pè ní SDR (software-defined radio) nìyí: sọ́fíwíà ń ṣe iṣẹ́ tí kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ ń ṣe nínú rédíò àtijọ́.

Kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni Raspberry Pi Zero 2 W, tó jáde ní ọdún 2021. Láptọ́ọ̀pù kò ṣeé fi sílẹ̀ tọ̀sán tòru níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n pátákó yìí kò jẹ iná púpọ̀, bátìrì àti páńẹ́lì sólà kékeré sì lè gbé e. Kókó (core) mẹ́rin ló ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré ní 1 GHz, èyí sì tó fún iṣẹ́ wa. Ohun tí kò tó ni RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò lọ́wọ́, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 512 MB. Nínú ìrírí tèmi, ẹni tó bá ní ìṣòro lórí ẹ̀rọ yìí a máa rò pé ẹ̀rọ náà ló lọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé RAM ló ti tán. Nítorí náà, ẹ máa ka báìtì kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Raspberry Pi OS Lite, èyí tí kò ní ojú iṣẹ́ aláwòrán. Ẹ kọ gpu_mem=16 sínú fáìlì config.txt, kí apá tó ń ya àwòrán má baà gba RAM tí ẹ ò ní í lò fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ free -m, kí ẹ sì kọ iye tó wà lábẹ́ available sílẹ̀, nítorí a ó tún padà sí i. Iná náà ṣe pàtàkì: ọ̀pá rédíò yìí ń fa nǹkan bí 300 mA fúnra rẹ̀, okùn fóònù tó ti gbó kò sì lè gbé òun àti pátákó pọ̀. Bí àṣẹ vcgencmd get_throttled bá dáhùn pé 0x0, ara iná le. Bí ó bá dáhùn ohun mìíràn, ẹ pààrọ̀ okùn kí ẹ tó dá sọ́fíwíà lẹ́bi.

Linux máa ń rò pé tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pá yìí, á sì gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ dí i lọ́nà báyìí:

echo 'blacklist dvb_usb_rtl28xxu' | sudo tee /etc/modprobe.d/rtlsdr.conf

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tún un tàn. Ó wá kù kí a kọ́mpáìlì láíbìrì tó ń bá ọ̀pá náà sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé kí a sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Nítorí pé dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já láàárín kan, mo máa ń fi --depth 1 sí àṣẹ git clone, kí ó má baà kó gbogbo ìtàn kóòdù náà wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

sudo apt install --no-install-recommends git cmake build-essential pkg-config libusb-1.0-0-dev
git clone --depth 1 https://gitea.osmocom.org/sdr/rtl-sdr.git
cd rtl-sdr && mkdir build && cd build
cmake ../ -DINSTALL_UDEV_RULES=ON
make -j1
sudo make install && sudo ldconfig

Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, ó fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ parí. Ẹni tó bá ra ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní RTL-SDR Blog V4 ní láti lo ẹ̀dà kóòdù tuntun, tàbí èyí tí àwọn tó ṣe ọ̀pá náà gbé jáde, nítorí pé ìyípadà wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀dà àtijọ́ kò mọ̀.

Ẹ ó rí i pé mo kọ -j1. Nọ́ńbà yẹn ni iye iṣẹ́ tí make, ètò tó ń darí ìkọ́mpáìlì, yóò máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ló ń sọ pé kí a kọ -j4 nítorí pé kókó mẹ́rin wà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó gba alágbàro mẹ́rin sóko tí oúnjẹ ẹnì kan ló wà nínú ìkòkò rẹ̀. Kóòdù C lè fara dà á. Kóòdù C++ ńlá, pàápàá GNU Radio, ètò SDR ńlá kan, kò lè fara dà á rárá, nítorí pé fáìlì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB nígbà tí a bá ń kọ́mpáìlì rẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni èyí:

c++: fatal error: Killed signal terminated program cc1plus

Kóòdù kò ní àṣìṣe. Linux ló rí i pé RAM ti tán, ó sì pa ẹni tó ń jẹun jù. Bí ẹ bá tẹ sudo dmesg, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀: Out of memory. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí mi, odidi alẹ́ kan ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ṣẹ̀ mí.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ kọ́mpáìlì nǹkan tó wúwo, ẹ fi swap, ìyẹn fáìlì tó ń ṣe bí RAM, kún RAM fún ìgbà díẹ̀:

sudo fallocate -l 1G /swapfile
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile

Yóò lọ́ra, nítorí orí káàdì SD ni swap wà, kíkọ àkọtúnkọ sì ń jẹ ẹ̀mí káàdì. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ fi sudo swapoff /swapfile pa á, kí ẹ sì pa fáìlì náà rẹ́. Ní ti GNU Radio, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kọ́mpáìlì rẹ̀ lórí pátákó yìí rárá. Debian, tí wọ́n gbé Raspberry Pi OS lé lórí, ti kọ́mpáìlì rẹ̀ sílẹ̀, apt yóò sì gbé e wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wá kò béèrè fún nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka báìtì. Tí ọ̀pá náà bá ń sáré ní mílíọ̀nù 2.4 sáńpùlù (ìgbà tó ń wọn ìgbì) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì méjì ni sáńpùlù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4.8 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 288 MB ní ìṣẹ́jú kan. Lórí Debian 13, inú RAM ni /tmp wà, ìdajì RAM ni kò sì lè kọjá. Ẹni tó bá fi àṣẹ rtl_sdr gba ìgbì sílẹ̀ sínú /tmp yóò kún un kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ gbà á sórí káàdì tàbí sórí fláàṣì.

Àṣẹ rtl_tcp, tó ń fi ìgbì ránṣẹ́ sí láptọ́ọ̀pù lórí Wi-Fi, ní ọ̀fìn tirẹ̀. Bí Wi-Fi bá fà sẹ́yìn, á máa to bọ́fà, ìyẹn àpò tí ìgbì ń dúró sí nínú RAM, jọ dé 500, báìtì 262,144 sì ni bọ́fà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju 130 MB lọ. Lórí ẹ̀rọ wa, ìdá mẹ́rin RAM nìyẹn. Ẹ dín iye bọ́fà kù pẹ̀lú -n, kí ẹ sì dín ìsáré kù pẹ̀lú -s:

rtl_tcp -a 0.0.0.0 -s 1024000 -n 50

Ẹni tó bá fẹ́ kọ irinṣẹ́ tirẹ̀ yóò fẹ́ lo Python, n kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n kí ó mọ iye tó ń san. Láíbìrì pyrtlsdr ń sọ sáńpùlù oníbáìtì méjì di báìtì 16, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ní ìsáré 2.4 yẹn yóò gba 384 MB. Ẹ ka díẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ jù ú nù, kí ẹ tó ka òmíràn. Ní C, rtlsdr_read_async, tó wà nínú láíbìrì tí a kọ́mpáìlì, ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́fà 15 ló ń lò, kò sì pé 4 MB. Ẹ ṣe tábìlì onínọ́ńbà 256 lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa sọ báìtì di nọ́ńbà tí ẹ nílò, kí ẹ má sì pe malloc, tó máa ń béèrè RAM tuntun, nínú iṣẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, readsb, ètò tó ń túmọ̀ ohun tí ọkọ̀ ń kéde, ni mo yàn, nítorí C ni, ó sì fúyẹ́:

sudo apt install --no-install-recommends libncurses-dev zlib1g-dev libzstd-dev
git clone --depth 1 https://github.com/wiedehopf/readsb.git
cd readsb && make -j1 RTLSDR=yes
./readsb --device-type rtlsdr --interactive

Eríàlì tó wá pẹ̀lú ọ̀pá náà kò burú, ṣùgbọ́n wáyà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6.9, tó dúró ṣánṣán, ìyẹn ìdá mẹ́rin ìgbì 1090 MHz, dára jù ú lọ. Ẹ gbé e sókè bí ẹ bá ti lè gbé e tó, nítorí ìgbì yìí kì í yí òkè po, òkè àpáta sì pọ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀kun, tí Yàgbà àti Kàbbà wà nínú rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣí, ọkọ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000 lè dé etí yín láti ọ̀nà tó ju 400 kìlómítà lọ. Bí àpáta bá wà ní apá kan ilé, ẹ̀gbẹ́ yẹn á dákẹ́, kò sì sí ohun tí sọ́fíwíà lè ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ tún tẹ free -m, kí ẹ fi iye tuntun wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Tí nọ́ńbà náà bá ń lọ sílẹ̀ wákàtí kan lẹ́yìn òmíràn, nǹkan kan ń gba RAM tí kò dá a padà. Tó bá dúró sójú kan, ẹ lè gbé pátákó náà lọ sábẹ́ páńẹ́lì sólà.